Remind ń kìlọ̀ lọ́jọ́ tí kò yẹ: báwo la ṣe ń dá ìkìlọ̀ òfo dúró?

Akọ̀wé Ẹgbẹ́ (Ìkẹ́rẹ́)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ Èkìtì tó ń lo Linux. Remind, ètò kọ̀ǹpútà tó ń ránni létí, ni ẹgbẹ́ wa fi ń ṣètò ọjọ́ ọjà, ìpàdé, owó àjọ àti ìmọ́tótó àyíká. Ìkìlọ̀ tí kò nídìí ti wá pọ̀ jù. Ó ń pe ọjà lọ́jọ́ tí wọn kì í ná an, ó ń pe ìpàdé lọ́jọ́ ìsinmi ìjọba, ìkìlọ̀ kan náà sì ń jáde lẹ́ẹ̀mẹta lójú kọ̀ǹpútà. Àwọn kan kì í tilẹ̀ kà á mọ́ kí wọ́n tó pa á dé. Fáìlì náà rèé:

```
REM 2 March 2026 *5 MSG Ọjà
REM Mon Tue Wed Thu Fri AT 8:00 +15 SKIP MSG Ìpàdé òwúrọ̀
REM 28 OMIT Sat Sun MSG Owó àjọ
REM Sat 25 MSG Ìmọ́tótó àyíká
REM 12 June +5 MSG Ọjọ́ ìjọba àwaarawa
OMIT 1 Jan
OMIT 1 May
OMIT 12 June
OMIT 1 Oct
OMIT 25 Dec
OMIT 26 Dec
```

Níbo ni ká ti bẹ̀rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́?

Tísà Kọ̀ǹpútà (Adó)

Akọ̀wé, ẹ kú làálàá. Ẹ má tíì pa ìlà kankan rẹ́. Ohun tí a bá kọ fún Remind gẹ́lẹ́ ló ń ṣe, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ bi í léèrè ọjọ́ tó ṣírò fún ìlà kọ̀ọ̀kan:

```
remind -n ~/.reminders | sort
```

Á to gbogbo ìránnilétí yín pẹ̀lú ọjọ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan tún máa wáyé, èyí tó sún mọ́ jù ló máa wà lókè. Bí ẹ bá wá fẹ́ mọ ìlà tó bí ìkìlọ̀ kan, ẹ lo èyí:

```
remind -q -dt ~/.reminders
```

Ẹ ó rí nọ́ńbà ìlà, lẹ́yìn náà `Trig =` àti ọjọ́ tó bọ́ sí. `-q` yẹn ni kì í jẹ́ kó gbé àwọn ìkìlọ̀ oníwákàtí sẹ́yìn kí wọ́n máa dúró de àsìkò wọn, torí náà ẹ máa fi sí i nígbàkúùgbà tí ẹ bá ń dán nǹkan wò. Ẹ lè dán ọjọ́ iwájú wò pẹ̀lú, láìfọwọ́ kan aago kọ̀ǹpútà:

```
remind -q ~/.reminders 20 April 2027 '*15'
```

Ìyẹn ni pé kó ka 20 April 2027 sí òní, kó sì ṣe ọjọ́ 15 tẹ̀ léra wọn. Bí ẹ kò bá fi àmì `'` yí `*15` ká, shell (ètò tó ń gba àṣẹ tí ẹ bá tẹ̀) lè kà á sí orúkọ fáìlì tí ẹ ń wá.

Mo rí i tí àwọn ènìyàn ń fi `2>/dev/null` sídìí àṣẹ wọn kí Remind lè dákẹ́. Ẹ má ṣe é. Ojú ọ̀nà yẹn náà ni àṣìṣe gidi ń gbà jáde. Bí ẹnì kan bá kọ `REM 2 March *4` láìkọ ọdún, Remind á sọ pé `Must fully specify date to use repeat factor`, kò sì ní pe ọjà náà rárá. Ẹni tó bá ti pa ẹnu rẹ̀ dé kò ní mọ̀ títí ọjà á fi ná tán.

Ní ti ìpàdé tó ń dún lọ́jọ́ ìsinmi: láti òkè lọ sísàlẹ̀ ni Remind ń ka fáìlì, OMIT (ìlà tó ń sọ ọjọ́ ìsinmi fún un) kì í sì í ran ìlà tó ti ṣáájú rẹ̀. Nígbà tó dé ìlà 2 yín, kò tíì gbọ́ nǹkan kan nípa 1 Oct. SKIP wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò ní ohun tó máa fò. Ẹ gbé gbogbo OMIT lọ sókè pátápátá. Bí ẹ bá fẹ́ pín in sí fáìlì púpọ̀, ẹ kó wọn sínú fódà kan, kí ẹ sì fún Remind ní orúkọ fódà náà. Gbogbo èyí tó bá parí sí `.rem` ló máa kà, bí orúkọ wọn ṣe tò tẹ̀ léra. `00-isinmi.rem` ni kí ti ìsinmi máa jẹ́, kó lè ṣáájú. Ẹ sì má fi ẹ̀dà sílẹ̀ nínú fódà náà: bí `oja.rem` àti `oja-ti-tele.rem` bá jọ wà níbẹ̀, ìkìlọ̀ méjì méjì ni ẹ ó máa gbà.

Ọmọ Ìjerò

Ti ọjà ni mo fẹ́ sọ, torí kì í ṣe ẹ̀bi Remind rárá. Nígbà tí a bá ń ka ọjà ọrọọrún, ọjọ́ ọjà fúnra rẹ̀ wà nínú ohun tí a kà. Bí ọjà bá ná ní Mọ́ńdè 2 March, Mọ́ńdè ni ìkíní, Túsìdé ìkejì, Wẹ́sìdé ìkẹta, Tọ́sìdé ìkẹrin, Fúráìdé 6 March ni ìkarùn-ún, ọjọ́ náà ni ọjà tún ná. Remind kì í kà á bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ tó wà láàárín ọjà kan sí èkejì ló fẹ́, 6 dín 2 sì jẹ́ 4. `*4` ló tọ́. Ọjà ìsán jẹ́ `*8`.

Ìdí tí `*5` fi lè tan ènìyàn jẹ ni pé lẹ́yìn 20 ọjọ́, òun àti ọjà á tún bọ́ sí ọjọ́ kan náà. 22 March yín á bára mu, ẹni tó bá wo ọjọ́ yẹn nìkan á ní kò sí nǹkan tó ṣe é. Ẹ béèrè ọjọ́ méjì tí ọjà ná tẹ̀ léra wọn lọ́wọ́ ẹni tó ń pàtẹ níbẹ̀, kí ẹ yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì, ohun tó bá kù ni kí ẹ kọ. Ọjà tó ti di ọlọ́ṣọ̀ọ̀sẹ̀ kò nílò ìràwọ̀ kankan, orúkọ ọjọ́ ti tó: `REM Thu MSG Ọjà`.

Ẹ má fi SKIP sí ìlà ọjà o. Ìsinmi ìjọba kì í dá ọjà dúró.

Ìyá Alájọ (Ìkọ̀lé)

Mo bá Ọmọ Ìjerò fọwọ́ sí i. Ìlà 3 ni kí n mú.

OMIT tó wà nínú ìlà REM kì í dá ìkìlọ̀ dúró fúnra rẹ̀. Ohun tó ń sọ kò ju pé a kò ka Sátidé àti Sọ́ńdè kún ọjọ́ iṣẹ́. Kí Remind ṣe nǹkan sí i, ẹ gbọ́dọ̀ yan ọ̀kan nínú mẹ́ta: SKIP ní kó fò ó pátápátá, BEFORE ní kó fà á sẹ́yìn sí ọjọ́ iṣẹ́ tó ṣáájú, AFTER ní kó tì í síwájú. Owó àjọ kò ṣeé fò, kò sì yẹ kó pẹ́, BEFORE ni:

```
REM 28 OMIT Sat Sun BEFORE MSG Owó àjọ
```

28 February 2026 jẹ́ Sátidé, Fúráìdé 27 ló máa pè é. 28 June 2026 jẹ́ Sọ́ńdè, Fúráìdé 26 ni. Bí ìsinmi ìjọba bá tún bọ́ sí Fúráìdé náà, á sún lọ sí Tọ́sìdé, bí OMIT bá ti wà lókè bí Tísà ṣe wí.

Ẹni tó bá ń san owó ní ọjọ́ iṣẹ́ tó kẹ́yìn oṣù, kó kọ `REM 1 -1 OMIT Sat Sun MSG Owó oṣù`. Kó má kọ `REM 31`, torí oṣù tó ní ọjọ́ 31 nìkan ló máa dún, oṣù márùn-ún á kọjá lọ láàárín ọdún láìsí ìkìlọ̀.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́ (Ìkẹ́rẹ́)

Ẹ ṣeun gan-an. OMIT ti gòkè, ọjà ti di `*4`. Mo dán ọjọ́ 15 yẹn wò ní April 2027, ó sì pe ìmọ́tótó ní 1 May dípò ìparí April. Ní 2026 gbogbo rẹ̀ tọ́. Kí ló dé?

Tísà Kọ̀ǹpútà (Adó)

Ó dáa tí ẹ rí i. Ìdí nìyẹn tí mo fi mú April 2027.

`REM Sat 25` kò túmọ̀ sí Sátidé tó kẹ́yìn. Sátidé àkọ́kọ́ tó bá bọ́ sí 25 tàbí tó kọjá rẹ̀ ni. Nínú oṣù ọlọ́jọ́ 31, méjèèjì kì í yàtọ̀. Nínú oṣù ọlọ́jọ́ 30, bí Sátidé ìkẹyìn bá jẹ́ 24, Remind á fò ó lọ sí oṣù tó tẹ̀ lé e. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní April 2027 nìyẹn: 24 April ni Sátidé ìkẹyìn, ó sì lọ bọ́ sí 1 May. February ló léwu jù: ní 2025, 22 ni Sátidé ìkẹyìn rẹ̀, ìlà yín ì bá sì pè é ní 1 March. Jálẹ̀ 2026, kò sí oṣù kan tí Sátidé ìkẹyìn rẹ̀ wà ṣáájú 25, nítorí náà ẹni tó bá kọ ọ́ lọ́dún yẹn kò ní rí àléébù kankan.

Bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ nìyí:

```
REM Sat 1 --7 MSG Ìmọ́tótó àyíká
```

Ó wá Sátidé àkọ́kọ́ oṣù tó ń bọ̀, ó sì padà sẹ́yìn ní ọjọ́ 7. Ẹ kíyè sí i pé `--` méjì ni. Ọ̀kan ṣoṣo kì í ka ọjọ́ tó bá wà nínú OMIT, ìṣírò náà lè yẹ̀ bí ìsinmi bá wà láàárín.

Ọ̀dọ́ Ọ̀yẹ́

Ẹ̀yin àgbà, ẹ jẹ́ ká yọ `+5` kúrò nínú gbogbo fáìlì. Láti 7 June ló ti ń pariwo June 12. Ìkìlọ̀ òfo ni.

Ìyá Alájọ (Ìkọ̀lé)

Àbúrò, má yọ ọ́. Ẹni tó ń ra ẹran tàbí tó ń háyà àga nílò ọjọ́ díẹ̀ ṣáájú. Ohun méjì ló bà á jẹ́. `+5` máa ń dún lójoojúmọ́ láti ọjọ́ karùn-ún títí ọjọ́ náà á fi pé, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Ìkejì, ọ̀rọ̀ tó wà nínú MSG kò sọ iye ọjọ́ tó kù, ẹni tó bá kà á ní 7 June á rò pé òní ni.

```
FSET ikilo(x) choose(x, 5, 1, 0)
REM 12 June WARN ikilo MSG June 12: ó ku ọjọ́ [trigdate()-today()]
```

Á dún ní 7 June, 11 June àti ọjọ́ náà gan-an, ẹ̀ẹ̀mẹta péré. Nọ́ńbà inú `choose` gbọ́dọ̀ máa dín kù, 0 sì ni kó parí rẹ̀. Orúkọ `ikilo` kò gbọdọ̀ ní àmì ohùn. Inú MSG nìkan ni kí ẹ ti kọ Yorùbá yín bó ṣe yẹ. `%b` wà tó lè ṣe irú iṣẹ́ yìí, àmọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì ló máa sọ, kò sì dún létí nínú gbólóhùn Yorùbá.

Ọ̀dọ́ Ọ̀yẹ́

Ó yé mi, ẹ ṣeun mà. Kí n wá dáhùn èyí tó ń jáde lẹ́ẹ̀mẹta, torí ó wọ́pọ̀. Ẹ tẹ `pgrep -a remind` kí ẹ lè rí iye Remind tó ń ṣiṣẹ́. Bí ìlà tó jáde bá ju ẹyọ kan lọ, ẹ ti rí i. Ó dájú pé `remind ~/.reminders` wà nínú `~/.bashrc` yín. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá ṣí terminal ni Remind tuntun ń lọ dúró sẹ́yìn de agogo 8. Terminal mẹ́ta, ìkìlọ̀ mẹ́ta.

Ẹ fi `pkill remind` pa gbogbo wọn. Nínú `~/.bashrc`, ẹ sọ ọ́ di `remind -q ~/.reminders`, kó máa ka ti òní síta lásán. Lẹ́yìn náà ẹ fi ẹyọ kan ṣoṣo sínú àwọn ohun tó ń bẹ̀rẹ̀ fúnra wọn nígbà tí ẹ bá wọlé sórí kọ̀ǹpútà:

```
remind -z -k'notify-send %s &' ~/.reminders &
```

`-z` á máa wò ó ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan bóyá fáìlì ti yí padà, ẹ kò ní tún un bẹ̀rẹ̀. Ẹ má fi àmì kankan yí `%s` ká, Remind ti dáàbò bo ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀; bí ẹ bá tún fi kún un, àmì `\` á máa hàn láàárín ọ̀rọ̀.

Bí ó bá jẹ́ pé ìkìlọ̀ àárọ̀ tó ti kọjá ló tún ń jáde nígbà tí ẹ bá tan kọ̀ǹpútà ní ọ̀sán, `-a` méjì ni kí ẹ fi kún àṣẹ náà: `-a -a`. Èyí tó ṣì wà níwájú á jáde, èyí tó ti kọjá kò ní jáde.

Ẹlẹ́rọ Ìdó

Kò sẹ́ni tó tíì mẹ́nu kan aago. Bí ìlà yín bá tọ́ tí ìkìlọ̀ ṣì ń ṣìnà, ẹ tẹ `timedatectl` kí ẹ tó wo ohunkóhun mìíràn.

Bí gbogbo ìkìlọ̀ bá fi wákàtí kan gééré yẹ̀, ọ̀kan nínú méjì ni. Bóyá Windows àti Linux jọ wà lórí ẹ̀rọ kan: Windows ń kọ àsìkò Nàìjíríà sínú aago ẹ̀rọ, Linux sì ń kà á bíi UTC (àsìkò àgbáyé), a sì fi wákàtí kan ṣáájú UTC. Tàbí kó jẹ́ pé orí sáfà tó wà lókè òkun ni Remind wà. Ẹ ṣe `sudo timedatectl set-timezone Africa/Lagos`. Sáfà tó bá ń lo aago Jámánì tàbí ti Gẹ̀ẹ́sì burú jù, torí wọ́n ń sún aago wọn ní March àti October. Ìkìlọ̀ yín á tọ́ ní ìdajì ọdún, á sì yẹ̀ ní ìdajì kejì.

Bí ó bá jẹ́ ọjọ́ àtijọ́ ni kọ̀ǹpútà orí tábìlì ń pè lẹ́yìn tí iná bá lọ tó sì dé, bátìrì pẹlẹbẹ orí motherboard ni, CR2032. Tuntun rẹ̀ máa ń lé díẹ̀ ní 3V. Bí mítà bá ka 2.5V, ó ti kú. Ẹ yọ wáyà iná kúrò lára ògiri pátápátá kí ẹ tó ṣí i, kí ojú tó ní àmì + kọjú sókè, ẹ tún déètì tò, kí ẹ sì fi `sudo hwclock --systohc` kọ ọ́ padà sínú ẹ̀rọ. Kí ẹ tó rí bátìrì rà, ẹ jẹ́ kí Remind dúró de íntánẹ́ẹ̀tì:

```
until timedatectl show -p NTPSynchronized --value | grep -q yes; do sleep 20; done
```

Níwájú àṣẹ `remind -z` ni kí ìlà yìí wà. Ibi tí kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì rárá, á dúró títí ni, ẹ má lò ó níbẹ̀.

Fún ẹni tó ń lo cron (ètò tó ń ṣe àṣẹ lásìkò tí a bá yàn): àmì `%` nínú crontab, fáìlì rẹ̀, túmọ̀ sí ìlà tuntun. `-k'notify-send %s &'` á gé sí méjì. `\%s` ni kí ẹ kọ. Cron kò sì mọ ojú kọ̀ǹpútà yín, ẹ fi èyí sókè nínú crontab, kí 1000 jẹ́ nọ́ńbà tí `id -u` bá fún yín:

```
DBUS_SESSION_BUS_ADDRESS=unix:path=/run/user/1000/bus
```

Akọ̀wé Ẹgbẹ́ (Ìkẹ́rẹ́)

Remind mẹ́rin ni `pgrep` fi hàn mí. Mo ti pa wọ́n, ẹyọ kan ló kù. Ó ku Àjíǹde àti Iléyá. Báwo lẹ ṣe ń kọ wọ́n?

Tísà Kọ̀ǹpútà (Adó)

Àjíǹde rọrùn, Remind mọ̀ ọ́n ṣírò:

```
OMIT [trigger(easterdate(year(today()))-2)]
OMIT [trigger(easterdate(year(today()))+1)]
```

Èkíní ni Fúráìdé Rere, èkejì ni Mọ́ńdè Àjíǹde: 3 àti 6 April ní 2026. Ẹ má gé e kúrú sí `easterdate(today())`. Tí a bá fún un ní ọjọ́, Àjíǹde tó ń bọ̀ ló máa ń wá. Bí Mọ́ńdè bá ti mọ́, ti ọdún yìí ti kọjá lójú rẹ̀, á fo lọ sí ti ọdún tó ń bọ̀, ìpàdé á sì dún lọ́jọ́ ìsinmi.

Ìtúnu Ààwẹ̀, Iléyá àti Maolud kò ṣeé fi sílẹ̀ fún ìṣírò. Ojú oṣù ni wọ́n ń wò, ìjọba àpapọ̀ ló sì ń kéde ọjọ́ ìsinmi. Nígbà tí ìkéde bá jáde, ẹ kọ ọ́ sínú `00-isinmi.rem` pẹ̀lú ọdún. Ọdún ṣe kókó, torí bí ọjọ́ 11 ni wọ́n fi ń tètè dé ju ti ọdún tó ṣáájú lọ. Ohun kan náà ni ti ìsinmi tí wọ́n bá sún: 1 October 2023 bọ́ sí Sọ́ńdè, ìjọba sì fún wa ní Mọ́ńdè. `OMIT 2 Oct 2023` ló tọ́. Ẹni tó bá kọ `OMIT 2 Oct` lásán ti pa ìpàdé gbogbo 2 October lẹ́nu mọ́ títí láé, èyí sì burú ju ìkìlọ̀ òfo lọ, torí kò sẹ́ni tó máa rí ohun tí kò dún. Ní 2027, 1 May àti 12 June bọ́ sí Sátidé. Ẹ dúró gbọ́ ohun tí ìjọba máa sọ kí ẹ tó fi Mọ́ńdè kún un.

Ọmọ Ìjerò

Kí ẹ tó fi fáìlì tuntun ránṣẹ́ sí àwọn ẹgbẹ́, ẹ tẹ gbogbo ọdún jáde: `remind -c12 ~/.reminders Jan 2027`. Ẹ gbé e fún ẹni tó mọ ọjọ́ ọjà lórí, kó fi bírò sàmì sí èyí tí kò tọ́. Bí ọjọ́ ọjà bá fi ẹyọ kan yẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ọjọ́ àkọ́kọ́ tí ẹ kọ, 2 March yẹn, ni kí ẹ tún ṣe. Bí ó bá ń yẹ̀ sí i bí oṣù ṣe ń lọ, nọ́ńbà ẹ̀yìn ìràwọ̀ ni.